Irin Kékeré Tí Kì Í Ṣiṣẹ́ fún Ẹni Tó Rà Á

Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, yìnyín á bo ojú títì, àwọn tó ń gun alùpùpù ìrìn àjò á sì gbé e wọ inú gáréèjì. Alùpùpù wọ̀nyí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń gbé èrò ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́. Ẹ́ńjìnnì wọn tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Àpótí ẹrù wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn lọ́tùn-ún àti lósì. Gíláàsì wà níwájú tó ń gba ìjì dúró fún ẹni tó gùn wọ́n. Ènìyàn lè fi wọ́n la ìpínlẹ̀ mẹ́ta kọjá láàárín àárọ̀ sí alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, ìdúró ni wọ́n ń dúró, ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n máa ń mú sípánà, tí wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí wọ́n á fọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì tò ó padà.

Nínú iṣẹ́ ìgbà òtútù yìí, ọ̀kan wà tí àwọn ènìyàn ń ṣe láìpariwo: yíyọ àwọn ohun èlò tí ilé iṣẹ́ fi sára ẹ́ńjìnnì láti dín májèlé inú èéfín kù. Àwọn tó ń ṣe é kì í ka ara wọn sí ọ̀daràn. Lójú tiwọn, irin tí kò wúlò ni wọ́n ń yọ dànù, bí ẹni ń já ewé gbígbẹ kúrò lára igi. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn dé ìwọ̀n kan, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Ẹ̀ṣẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ kò ṣòro láti dá lẹ́jọ́. Èyí tí ọmọlúàbí ń dá láìfura ló gba ìrònú.

Ọ̀kan lára àwọn alùpùpù tí irú iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ lára rẹ̀ ni Kawasaki Concours àtijọ́, tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1986 títí di 2006. Fún ogún ọdún, ìyípadà tó bá a kò pọ̀. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 997 cc, kabúrétọ̀ mẹ́rin ló sì ń bu epo fún un. Lókè ẹ́ńjìnnì náà, lórí ìdérí tó bo àwọn fáàfù, ohun èlò kékeré méjì wà níbẹ̀ tí rọ́bà so mọ́. Àwọn rọ́bà náà pàdé níbi fáàfù kan, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lọ sínú àpótí tí asẹ́ afẹ́fẹ́ ń gbé.

Iṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ ń ṣe kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí epo bá jó nínú sìlíńdà, kì í jó tán. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá èéfín jáde, carbon monoxide tó léwu fún ẹ̀jẹ̀ náà á sì tẹ̀ lé e. Èéfín kì í jáde ní ìṣàn kan ṣoṣo. Ó ń jáde ní ìgbà dé ìgbà, bí ènìyàn ṣe ń mí. Lẹ́yìn ìtújáde kọ̀ọ̀kan, àyè á ṣófo díẹ̀ lẹ́nu ihò èéfín. Àṣófo yìí ló ń ṣí irin pẹlẹbẹ tó wà nínú ohun èlò náà, tí afẹ́fẹ́ tuntun fi ń wọlé láti inú àpótí asẹ́. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá pàdé èéfín gbígbóná, epo tó kù á rí ohun tí yóò fi jó, yóò sì jó níbẹ̀ kí ó tó kúrò nínú sàlẹ́ńsà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà wọlé. Kò gba agbára kankan lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì.

Fáàfù tó wà láàárín ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹni tó ń gun alùpùpù bá dédé dá iná dúró, tí ó fẹ́ dẹ̀rọ̀, epo tí kò jó máa ń pọ̀ nínú èéfín ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tuntun bá wọlé ní àkókò yẹn, epo náà á bú gbàmù nínú sàlẹ́ńsà. Nítorí náà ni fáàfù ṣe máa ń pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ dé fún ìgbà díẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so mọ́ kabúrétọ̀ ló ń jíṣẹ́ fún un pé àkókò tó láti ti ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Ohio tó ní irú alùpùpù yìí, èyí tí wọ́n ṣe ní 1997. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí yìnyín bá bọ́, òun ló ń kó ti iwájú ilé opó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó kó ti ara rẹ̀. Kì í da epo ẹ́ńjìnnì tó ti gbó sí ojú gọ́tà. Inú kẹ́ẹ̀gì ló ń rọ ọ́ sí, tí yóò gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Ní ìgbà òtútù kan, ó ra pálí irin méjì tó tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n gé gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun èlò méjì tó wà lókè ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àti ìdérí rọ́bà kéékèèké tí yóò fi dí ihò ara kabúrétọ̀. Ó pinnu pé òun yóò yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ó ní ìdí mẹ́rin. Ìkíní, alùpùpù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn nínú sàlẹ́ńsà nígbàkigbà tí ó bá dẹ̀rọ̀, ariwo náà sì ń tì í lójú ní àdúgbò. Ìkejì, bí àkókò bá tó láti wọn àyè àárín àwọn fáàfù ẹ́ńjìnnì, àwọn rọ́bà àti irin yìí ló máa ń dí i lọ́wọ́, ìka rẹ̀ tó ti ń le kò sì fẹ́ ìyà mọ́. Ìkẹta, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì yóò ní agbára sí i. Ìkẹrin ni èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ohun ìní òun ni, owó òun ni òun fi rà á, inú ilé òun ló sì wà.

Bí a bá gbé ìdí mẹ́rin náà lé orí òṣùwọ̀n, ìkẹta ni yóò kọ́kọ́ fò. Ohun tí kò gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì kò lè dá agbára padà nígbà tí a bá yọ ọ́. Ìdí kejì tọ̀nà: ibẹ̀ há lóòótọ́, ẹni tó bá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà rí kò ní bá a jiyàn. Ìdí kìíní dà bí òótọ́, nítorí bí a bá dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa pátápátá, ìbọn náà yóò dínkù. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì àgbà kan wà ní òpópónà kejì, ọkùnrin ẹni ọgọ́rin ọdún, tó bi í ní ìbéèrè kan nígbà tí ó wá yá ẹ̀rọ ìwọn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti yẹ rọ́bà fáàfù yẹn wò?"

"Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Mo kàn fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ ni."

"Fún ọdún mélòó ni kò fi yìnbọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀?"

Olùkọ́ náà ronú. Ó ti lé ní ogún ọdún.

"Bó bá jẹ́ pé ohun èlò yẹn ló ń fa ìbọn," bàbá náà wí, "ọjọ́ tí o rà á ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ṣókí ni, ṣùgbọ́n ó yí ìṣirò padà. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jíṣẹ́ fún fáàfù ti gbó, ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó ti wọ kabúrétọ̀. Ìfàmọ́ra ẹ́ńjìnnì kò dé ọ̀dọ̀ fáàfù mọ́, ilẹ̀kùn tó yẹ kó tì sì ń ṣí sílẹ̀ gbayawu ní àkókò tí kò yẹ. Ohun èlò náà kò ṣẹ̀. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ló kú. Ohun tí olùkọ́ náà fẹ́ ṣe ni pé kí ó lé oníṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ẹni tó ń bá a jíṣẹ́ ṣàìsàn.

Ìdí kẹrin ló kù, òun ló sì wúwo jù lọ. Ṣé ohun ìní ẹni kì í ṣe ti ẹni ni? Òtítọ́ ni pé alùpùpù náà jẹ́ ti ọkùnrin yìí láti orí táyà dé orí gíláàsì. Gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún un: ẹ́ńjìnnì ń gbé e, ìjókòó ń tù ú lára, iná ń fi ọ̀nà hàn án. Àwọn irin kékeré méjì tó wà lókè ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò ṣe nǹkan kan fún un. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún: opó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ọmọ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ní ìkóríta, ọlọ́kọ̀ tó ṣí fèrèsé sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ náà ló san owó wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ̀ pé wọ́n wà ló ń jẹ àǹfààní wọn. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti sọ pé wọn kò wúlò.

Kì í ṣe ìjọba ló dédé jókòó, tí ó ní òun fẹ́ ni àwọn ọlọ́kọ̀ lára. Ní oṣù Keje 1943, ìkùukùu kan bo ìlú Los Angeles mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń ta àwọn ènìyàn, tí ọ̀fun wọn sì ń ho. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà; àwọn kan tilẹ̀ rò pé àwọn ará Japan ló ju májèlé sí àwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, onímọ̀ kẹ́místírì kan tí wọ́n bí ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Arie Haagen-Smit, fi hàn pé inú ìlú gan-an ni ọ̀tá wà. Epo tí kò jó tán àti èéfín láti inú ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ ìfọpo ni oòrùn ń sè pọ̀ sínú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń di ozone, èyí tó ń jẹ ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo tí a lè nà ìka sí. Gbogbo wọn ló ṣe é, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, láìsí ẹni tó gbèrò ibi.

Ìrírí bí èyí ló bí Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ tí Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1970. Àwọn alùpùpù kò tètè bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ọdún 1978 ni òfin èéfín Amẹ́ríkà kọ́kọ́ mú. Láti 1980, epo tí kò jó tó ń jáde lára alùpùpù tuntun kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ fún kìlómítà kan, carbon monoxide kò sì gbọdọ̀ ju gíráàmù 12 lọ. Nígbà tí ó fi di 2010, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi lé àwọn alùpùpù ńlá lọ́wọ́ ni gíráàmù 0.8 fún epo tí kò jó àti nitrogen oxides ní àpapọ̀. Ní 1990, àwọn aṣòfin sì tún fi kún un pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ tàbí mẹkáníìkì nìkan ni ó léèwọ̀ fún láti yọ ohun èlò ìdẹ́kun èéfín. Ẹnikẹ́ni ni, títí kan ẹni tó wà nínú gáréèjì ara rẹ̀.

Òǹkàwé lè béèrè pé ta ni yóò rí i. Ìbéèrè tó dára ni. Ní California pàápàá, níbi tí òfin èéfín ti le jù, wọn kì í gbé alùpùpù lọ fún àyẹ̀wò èéfín bí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Òfin wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò ní ojú nínú gáréèjì. Yorùbá ní èéfín nìwà. Bí ènìyàn ti wù kó bò ó tó, yóò rú jáde. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, òwe náà kò tilẹ̀ nílò àlàyé: ohun tí ọwọ́ ṣe níkọ̀kọ̀ lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, ẹnu sàlẹ́ńsà ni yóò ti jáde sí gbangba.

Àwíjàre tó lágbára jù lọ ni pé alùpùpù kan ṣoṣo kò lè ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Òótọ́ ni. Bí olùkọ́ náà bá yọ irin méjì yẹn, kò sí ìwọ̀n kan ní gbogbo Ohio tí yóò gbé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹjọ 2016, ilé iṣẹ́ Harley-Davidson gbà láti san owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àjọ tó ń dáàbò bo àyíká fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ta nǹkan bíi 340,000 ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ènìyàn fi ń yí ètò ẹ́ńjìnnì padà, tí èéfín fi ń pọ̀ ju bí òfin ṣe là á sílẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà láti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, kí ó sì ra èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò rẹ̀ padà fún bíbàjẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó ra ẹ̀rọ náà lè sọ pé òun nìkan ni òun ń ṣe é. Ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún "èmi nìkan" nìyẹn.

Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ń ráhùn pẹ̀lú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í ro ti ẹni tí yóò tún nǹkan ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Wọ́n á ti kọ́rọ́ mọ́ ibi tó yẹ kí ọwọ́ dé. Wọ́n á fi idẹ dí ojú ìdè kabúrétọ̀ tí a fi ń tún epo ṣe, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ra nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe, láti mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, láti rí ẹ̀yà rẹ̀ rà ní owó tí kò ga jù. Ẹ̀tọ́ yìí kò yẹ kó já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe yàtọ̀ sí yíyọ dànù. Ẹni tó ń tún odi ilé ṣe kò jọ ẹni tó wó odi tí òun àti aládùúgbò jọ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá bí ó ti dà bí ẹni pé ó jìnnà. Ọkọ̀ tokunbo tó ń gúnlẹ̀ ní èbúté Èkó ní irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ lára nígbà tí wọ́n ṣe é. Èyí tó níyì jù nínú wọn ni catalytic converter, àpò irin tó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, tí ohun bí afárá oyin wà nínú rẹ̀. Àwọn irin olówó iyebíye ni wọ́n fi ra ara afárá náà: platinum, palladium àti rhodium. Àwọn ni wọ́n ń sọ carbon monoxide àti epo tí kò jó di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ kó tó jáde. Nítorí iyebíye wọn, àwọn kan ń gé e kúrò ní òkè òkun kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn mìíràn ń tà á fún àwọn tó ń rà á kiri níbí, tí wọ́n á sì jó páìpù lásán sí àyè rẹ̀. Ní 2020, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àti pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Láti oṣù Kíní 2021 ni ECOWAS ti ní òfin tí yóò fi dín irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kù.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ẹni tó wà ní Ohio àti ẹni tó wà ní Mushin. Ti Ohio ń ṣe é nítorí ìrọ̀rùn. Ti Mushin lè ṣe é nítorí pé owó tí wọ́n fẹ́ fún un tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Kò tọ́ kí a dá wọn lẹ́jọ́ bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró kò mọ ìdí. Ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n lẹ́yìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń fa èéfín kan náà sínú, yálà ebi ló mú kí wọ́n gé páìpù tàbí ọ̀lẹ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Afẹ́fẹ́ ló sọ gbogbo ènìyàn di ará ilé kan náà.

Olùkọ́ Ohio náà ra rọ́bà tuntun, ó sì fi sí i. Ìbọn inú sàlẹ́ńsà dínkù, ṣùgbọ́n kò lọ tán. Ìyẹn mú kí ó tú ìsàlẹ̀ wò, ó sì bá gásíkẹ́ẹ̀tì kan tó ti jó níbi tí páìpù ti pàdé ẹ́ńjìnnì, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ó bá ti yọ irin òkè, tí ó sì dá a dúró síbẹ̀, kì bá tí rí i. Pálí irin méjì tí ó rà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Kò tíì jù wọ́n nù, nítorí pé ìka rẹ̀ ṣì ń dùn ún nígbàkigbà tí ó bá ní láti wọn fáàfù, kò sì sí ẹni tó lè búra pé ní ọdún tí ń bọ̀ kò ní yí ọkàn padà.

Ẹni tí ọkọ̀ tàbí alùpùpù rẹ̀ bá ń pariwo, tí mẹkáníìkì bá sì ní kí wọ́n yọ nǹkan dànù, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun méjì: fún ọdún mélòó ni ohun náà fi ṣiṣẹ́ dáadáa kí ó tó bàjẹ́, àti ta ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ìdáhùn èkíní máa ń fi ibi tí àrùn wà hàn. Ìdáhùn èkejì kò ní dín owó àtúnṣe kù, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ó mọ ẹni tí yóò san án bí òun bá kọ̀ láti san án.